Paul Flory: Ọ̀jọ̀gbọ́n tó wó iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, tó sì tún un mọ

Kò sí ilé tí èèyàn lè wọ̀ lóde òní tí kò ní bá ike níbẹ̀. Korobá tí a fi ń pọn omi, ọ̀rá tí wọ́n fi ń di gàrí lọ́jà, sílípáàsì ẹsẹ̀ àti táyà ọkọ̀, ẹbí kan náà ni gbogbo wọn lójú àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì. Pọ́límà ni wọ́n ń pè wọ́n. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ sí omi tàbí iyọ̀ ni pé mólékù wọn, ìyẹn ẹyọ tín-ín-tín tí ojú lásán kò lè rí, gùn bí okùn ìlẹ̀kẹ̀ tí ẹyọ rẹ̀ tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún tàbí ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé korobá ike sún mọ́ iná rí mọ̀ pé yóò rọ̀, yóò sì wọ́. Ṣùgbọ́n ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, bí yóò ti wú tó nígbà tí ooru bá mú un, àti bí yóò ti súnkì tó bí ẹ̀rọ bá fún un pọ̀, kì í ṣe ohun tí a lè fi ojú wò kí a sì mọ̀. Ọkùnrin tó fi èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ wá ìdáhùn sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni Paul John Flory, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1974, tó sì jáde láyé ní ọdún 1985.

Ẹ̀bùn ńlá náà nìkan kọ́ ló mú kí ìtàn rẹ̀ yẹ ní kíkà. Àbá kan tó dá nígbà tó wà ní ọ̀dọ́ ti sọ ọ́ di olókìkí kárí ayé, wọ́n sì ti ń kọ́ àbá náà ní yunifásítì gbogbo. Nígbà tí ooru àti ìfúnpọ̀ wá fi hàn pé ó ní ibi tó kù díẹ̀ káàtó sí, Flory kò bá ẹnikẹ́ni jà lé e lórí. Òun fúnra rẹ̀ ló wó o, tó sì tún un mọ láti ìpìlẹ̀.

Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹfà, ọdún 1910 ni wọ́n bí i sí ìlú Sterling ní ìpínlẹ̀ Illinois. Àgbẹ̀ ni àwọn baba ńlá rẹ̀ látìrandíran. Àwọn òbí rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì nínú ẹbí méjèèjì. Ezra Flory, bàbá rẹ̀, jẹ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run àti olùkọ́. Martha, ìyá rẹ̀, náà ti ṣe tíṣà rí kó tó wọlé ọkọ. Inú ilé tí wọ́n ti bọ̀wọ̀ fún ìwé ni ọmọ náà ti dàgbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó kò pọ̀ níbẹ̀.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì Manchester, ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Indiana, ni Flory lọ. Níbẹ̀ ló ti pàdé Ọ̀jọ̀gbọ́n Carl Holl, olùkọ́ kẹ́mísìrì tó tan iná ìmọ̀ náà sí i lọ́kàn. Ó gboyè jáde ní ọdún 1931, ní àsìkò tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀, tí iṣẹ́ sì ṣọ̀wọ́n bí ojú. Holl ló gbà á níyànjú pé kó tẹ̀ síwájú, ló bá gba Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio lọ. Ní ọdún 1934, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Herrick Johnston, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé lórí bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń mú kí àwọn èròjà yí padà. Títí di ìgbà náà, kò sí ohun tó da òun àti pọ́límà pọ̀.

Iṣẹ́ tó kọ́kọ́ rí ló yí ọ̀nà rẹ̀ padà. Iléeṣẹ́ DuPont ní ìlú Wilmington gbà á ní ọdún 1934, wọ́n sì fi í sí ọ̀dọ̀ Wallace Carothers, ọ̀gá tó ṣe àwárí rọ́bà àtọwọ́dá tí wọ́n ń pè ní neoprene, tí yóò sì ṣe àwárí nylon láìpẹ́ sí ìgbà náà. Lásìkò yẹn, ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò ka pọ́límà sí ohun tó yẹ kí ọ̀mọ̀wé gidi fi àkókò rẹ̀ ṣòfò lé lórí. Hermann Staudinger, ará Jámánì, ti ń pariwo láti ọdún 1920 pé mólékù gígùn kan ṣoṣo tí átọ́mù rẹ̀ so pọ̀ gírígírí ni rọ́bà àti àwọn irú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní àwọn mólékù kéékèèké tó kàn ṣù mọ́ ara wọn lásán ni. Carothers wà lára àwọn tí iṣẹ́ wọn wá pa àríyànjiyàn náà. Ó gbà pé òfin kan náà tó de gáàsì àti omi ló de pọ́límà. Ìgbàgbọ́ yìí ran Flory bí ẹni pé ó kó àrùn.

Kò pẹ́ tí ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún náà fi fi ara hàn. Àwọn àgbà onímọ̀ gbà pé bí mólékù bá ṣe ń gùn sí i ni yóò máa lọ́ra sí i láti so mọ́ òmíràn, nítorí ara rẹ̀ ti wúwo. Bí èyí bá jẹ́ òótọ́, kò sí ẹni tó lè ṣírò ohun tí yóò jáde nínú ìkòkò tí wọ́n ti ń se pọ́límà. Flory ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdí okùn nìkan ló ń so mọ́ ìdí okùn mìíràn, gígùn tàbí kúkúrú okùn kò sì dí i lọ́wọ́. Láti orí àbá kúkúrú yìí ló ti ṣírò iye mólékù gígùn àti kúkúrú tó yẹ kí ó wà nínú ìkòkò. Nígbà tí wọ́n wọn èyí tó jáde gan-an, ìṣirò rẹ̀ bá a mu. Ìwé ìwádìí rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà jáde ní ọdún 1936, ọdún kan náà tó fẹ́ Emily Catherine Tabor níyàwó. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí, ilé kan náà ni òun àti ìyàwó rẹ̀ sì gbé títí ikú fi yà wọ́n.

Ìbànújẹ́ ńlá ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹrin, ọdún 1937. Carothers, tí àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ti ń bá fínra fún ọ̀pọ̀ ọdún, fọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ní ẹni ọdún mọ́kànlélógójì. Nylon kò tíì dé ọjà nígbà náà. Ọdún kan lẹ́yìn ikú ọ̀gá rẹ̀, Flory kúrò ní DuPont, ó lọ sí ilé ìwádìí kan ní Yunifásítì Cincinnati.

Níbẹ̀ ló ti yanjú àdììtú kan tó ti dá àwọn aṣe-ike láàmú. Bí wọ́n bá ń se irú pọ́límà kan, yóò wà ní olómi fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ni yóò dì lójijì bí ẹ̀kọ tó ti tutù, tí kò sì ní ṣeé yọ́ mọ́. Flory ṣàlàyé pé bí ẹyọ kan bá ní ojú ìso mẹ́ta dípò méjì, ẹ̀ka á máa yọ lára ẹ̀ka, títí gbogbo ohun tó wà nínú ìkòkò yóò fi hun mọ́ra bí àwọ̀n kan ṣoṣo. Ó tún fi ìṣirò sọ ibi tí ìdìpọ̀ náà yóò ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde ní ọdún 1941.

Nígbà náà, Ogun Àgbáyé Kejì ti bẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ Japan gba Malaya àti àwọn ilẹ̀ mìíràn ní Gúúsù Ìlà-Oòrùn Éṣíà, ìwọ̀n rọ́bà tó ń bọ̀ láti inú oko dínkù gidigidi. Àwọn ìjọba amúnisìn rọ àwọn èèyàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, títí kan Nàìjíríà, láti kọ rọ́bà púpọ̀ sí i. Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ kó àwọn onímọ̀ rẹ̀ jọ láti fi epo rọ̀bì ṣe rọ́bà àtọwọ́dá. Flory padà sí iléeṣẹ́. Láti ọdún 1940 sí 1943, ó ṣiṣẹ́ fún Standard Oil, lẹ́yìn náà ó lọ sí Goodyear ní ìlú Akron, níbi tó wà títí di ọdún 1948.

Rọ́bà fúnra rẹ̀ jẹ́ ohun ìyanu. Bí irin bá gbóná, ńṣe ló ń gùn. Ṣùgbọ́n bí a bá so nǹkan rọ̀ sórí rọ́bà tó nà, tí a wá fi ooru sí i, ńṣe ni rọ́bà yóò súnkì, tí yóò sì gbé ohun tí a so rọ̀ náà sókè. Ẹni tó bá mú rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó, tó fà á yọ lẹ́ẹ̀kan náà, tó sì fi kan ètè rẹ̀ kíá, yóò rí i pé ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé mólékù rọ́bà tí kò nà a máa lọ́ pọ̀ lọ́nà tí kò lóǹkà, bí òwú tí ọmọdé fi ṣeré. Bí a bá fà á, ọ̀nà díẹ̀ ló kù tó lè gbà wà. Ooru sì ń mú kí ó máa jà láti padà sínú ìlọ́pọ̀ rẹ̀. Àwọn kan ti rí ìdí yìí kí Flory tó dé, ṣùgbọ́n òun ló fi ìṣirò gbé e dé orí àwọ̀n tí okùn rẹ̀ so mọ́ ara wọn. Òun àti John Rehner tún ṣàlàyé ní ọdún 1943 bí rọ́bà ṣe ń wú nígbà tí epo bá wọ inú rẹ̀, àti ibi tí yóò wú dé kí ó tó dúró.

Inú àwọn ọdún ogun yẹn náà ni àbá tó sọ ọ́ di olókìkí jáde. Ìbéèrè náà ni pé: kí ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí pọ́límà bá yọ́ sínú nǹkan olómi? Flory ya àwòrán pátákó kan tí wọ́n là sí ojú-ojú bí pátákó dráàfù. Mólékù kékeré ti olómi náà gba ojú kan. Mólékù pọ́límà gba ọ̀pọ̀ ojú tó tẹ̀lé ara wọn, bí ejò tó rìn láti ojú kan bọ́ sí èkejì. Lẹ́yìn náà, ó ka iye ọ̀nà tí a lè gbà tò wọ́n sórí pátákó. Maurice Huggins, tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ Kodak, dá irú ìṣirò kan náà lọ́tọ̀ lásìkò kan náà. Orúkọ àwọn méjèèjì ni wọ́n fi ń pe àbá náà títí dòní, ọdún 1941 àti 1942 ni wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹni tó ń po ọ̀dà, gọ́ọ̀mù tàbí rọ́bà ní ìṣirò tó lè fi mọ̀ bóyá ohun méjì yóò dàpọ̀ tàbí wọn yóò kọ ara wọn.

Ní ọdún 1948, Peter Debye, àgbà onímọ̀ tó ti gba ẹ̀bùn Nobel, pè é wá ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Cornell. Kò tíì parí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà tí ọ̀rọ̀ mìíràn fi là sí i. Ó ti pẹ́ tó ti ń rò ó pé ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ méjì kò lè wà ní ojú kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí náà mólékù gígùn gbọ́dọ̀ wú ju bí ìṣirò àtijọ́ ti sọ lọ. Ní Cornell ló ti rí ọ̀nà láti ṣírò ìwúsí náà. Ó tún fi hàn pé fún pọ́límà kan nínú olómi kan, ìwọ̀n ooru pàtó kan wà tí ìwúsí náà yóò di òfo, nítorí bí ẹyọ náà ṣe ń ti ara wọn àti bí wọ́n ṣe ń fa ara wọn yóò dọ́gba. Lẹ́tà Gíríìkì kan, theta, ló fi sọ ìwọ̀n ooru yìí lórúkọ. Ní ojú ooru yẹn ni àwọn onímọ̀ ti lè wọn bí mólékù náà ti rí gan-an láìsí ìdíwọ́.

Cornell fún un ní ipò ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́dún náà. Láti inú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìpìlẹ̀ kẹ́mísìrì pọ́límà ti jáde ní ọdún 1953. Ìwé náà di ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ pọ́límà kò lè ṣe aláìní káàkiri ayé. Ní ọdún 1957, ó lọ sí Mellon Institute ní Pittsburgh láti dá ètò ìwádìí ńlá sílẹ̀, ṣùgbọ́n àǹfààní tí wọ́n fi pè é kò dúró. Ní ọdún 1961, ó kó lọ sí Yunifásítì Stanford ní California. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Orúkọ rẹ̀ ti wọ ìwé ẹ̀kọ́. Bó bá fẹ́, ó lè jókòó jẹ òkìkí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan kò jẹ́ kó fọkàn balẹ̀. Pátákó dráàfù rẹ̀ sọ pé bí a bá ń fi ooru kún ooru, pọ́límà àti olómi yóò túbọ̀ máa dàpọ̀ ni. Ní ọdún 1960, àwọn onímọ̀ méjì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Freeman àti Rowlinson, fi hàn pé ọ̀pọ̀ pọ́límà tó yọ́ dáadáa sínú àwọn èròjà olómi inú epo rọ̀bì a tún máa pínyà pátápátá bí a bá mú wọn gbóná kọjá ààlà kan. Wọ́n dàpọ̀ nígbà tí ara wọn tutù díẹ̀, wọ́n kọ ara wọn nígbà tí wọ́n gbóná. Kò sí bí a ṣe lè to pátákó náà tí yóò fi sọ ìdí rẹ̀.

A kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì. Flory mọ ibi tí àṣìṣe náà wà. Ojú pátákó dráàfù kì í fẹ̀, kì í sì í súnkì. Ooru lè pọ̀, ìfúnpọ̀ lè le, bákan náà ni ojú kọ̀ọ̀kan yóò ṣe rí. Nínú ayé gidi, nǹkan olómi a máa wú bí ó bá gbóná, a sì máa kì pọ̀ bí a bá fún un. Àyè òfìfo díẹ̀díẹ̀ wà láàárín mólékù rẹ̀, àyè yìí ló sì ń fẹ̀, tó tún ń dínkù. Àbá tó bá fojú fo àyè òfìfo yìí kò lè sọ òtítọ́ nípa ooru àti ìfúnpọ̀.

Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ ronú bẹ́ẹ̀. Ilya Prigogine àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Belgium ti la ọ̀nà náà sílẹ̀ láàárín ọdún 1950 sí 1957, Flory sì gbé iṣẹ́ tirẹ̀ lé orí èyí tí wọ́n ti ṣe. Ní ọdún 1964, òun àti Robert Orwoll pẹ̀lú Agienus Vrij, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, tẹ ìṣirò tuntun kan jáde. Ìṣirò náà so nǹkan mẹ́ta pọ̀: ooru, ìfúnpọ̀ àti àyè tí nǹkan olómi gbà.

Ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ ló lè jẹ́ kó yé ni. Ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ tó dá wà nínú igbá lè yí sí ibikíbi tó wù ú. Bí a bá mi igbá náà, yóò fò, yóò sì máa ti àwọn yòókù sẹ́yìn. Èyí tó wà nínú okùn kò ní irú òmìnira bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀kan dì í mú níwájú, òmíràn dì í mú lẹ́yìn. Ooru ló dà bí mímì náà. Nínú olómi tí mólékù rẹ̀ kúrú, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní òmìnira púpọ̀, nítorí náà ooru ń mú un wú gan-an. Nínú pọ́límà, òmìnira ẹyọ kọ̀ọ̀kan kéré, nítorí náà ooru kan náà kò lè mú un wú tó bẹ́ẹ̀.

Ẹbí kan tó wà nínú ilé gbogbo ni wọ́n fi dán ìṣirò náà wò. Kẹrosíìnì, àbẹ́là àti ọ̀rá jẹ́ ìbátan ara wọn. Èyí tó pọ̀ nínú kẹrosíìnì ni okùn kúkúrú tí átọ́mù kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ kò ju bíi mẹ́wàá sí mẹ́rìndínlógún. Ti àbẹ́là gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè tó ogún sí ogójì. Nínú ọ̀rá, kábọ́ọ̀nù orí okùn kan ṣoṣo lè tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ìdí nìyẹn tí ọ̀kan fi ń ṣàn, tí èkejì fi dì ṣùgbọ́n tó ń yọ́ lábẹ́ iná kékeré, tí ẹ̀kẹta sì lágbára tó láti di ẹrù. Flory àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn okùn kúkúrú, wọ́n sì lọ sókè díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà kò le. Fún olómi kọ̀ọ̀kan, wọ́n wọn àyè tó gbà, bí ooru ti ń mú un wú, àti iye ìfúnpọ̀ tó ń béèrè kó má baà wú nígbà tí ooru bá ń pọ̀ sí i. Nínú ìwọ̀n mẹ́ta yìí ni nọ́ńbà mẹ́ta ti jáde, tó dà bí àmì ìdánimọ̀ olómi náà. Bí nọ́ńbà wọ̀nyí bá ti wà lọ́wọ́, èèyàn lè ṣírò ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí i ní ibi tí kò tíì wọ̀n.

Báyìí ni àdììtú ọdún 1960 ṣe tú. Bí ooru ṣe ń pọ̀ sí i, olómi mólékù kékeré ń wú kíákíá, pọ́límà kò lè bá a sáré. Kí àwọn méjèèjì tó lè dàpọ̀, olómi náà gbọ́dọ̀ súnkì wá bá pọ́límà, tí yóò sì pàdánù òmìnira rẹ̀. Ó dé ibi kan tí àdánù náà pọ̀ ju èrè ìdàpọ̀ lọ, wọ́n sì pínyà. Bí a bá wá fún wọn pọ̀ gidigidi, àyè òfìfo olómi náà yóò dínkù, ìyàtọ̀ àárín wọn yóò kéré, wọn yóò sì tún lè dàpọ̀ ní ìwọ̀n ooru tó ti yà wọ́n tẹ́lẹ̀. Ooru ń tú wọn ká, ìfúnpọ̀ ń dá wọn padà, ìṣirò kan náà ló sì sọ méjèèjì. Fún iléeṣẹ́ tó ń yọ́ pọ́límà nínú ẹ̀rọ tó gbóná, tí ìfúnpọ̀ ibẹ̀ sì le, ọ̀rọ̀ owó àti ọ̀rọ̀ ààbò ni èyí.

Àríyànjiyàn mìíràn tún wà nílẹ̀. Láti ìgbà tó ti wà ní Cornell ni Flory ti sọ pé nígbà tí pọ́límà bá yọ́ láìsí olómi kankan nínú rẹ̀, okùn kọ̀ọ̀kan yóò lọ́ láìní ètò, bí ẹni pé àwọn yòókù kò sí níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò gbà. Wọ́n ní irú okùn gígùn bẹ́ẹ̀ tó kún ojú kan gbọ́dọ̀ to ara wọn bí ìdì igi. Ó lé ní ogún ọdún tí kò sí ẹ̀rọ tó lè la ọ̀rọ̀ náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, àwọn onímọ̀ ní Yúróòpù fi ìtànṣán nútírọ́ọ̀nù wo inú pọ́límà tí wọ́n ti sàmì sí okùn díẹ̀ nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n rí bá ọ̀rọ̀ Flory mu.

Ní ọdún 1974, gbogbo ọlá dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní àmì ẹ̀yẹ sáyẹ́ǹsì tó ga jù lọ ní orílẹ̀-èdè náà, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì ibẹ̀ fún un ní àmì ẹ̀yẹ Priestley, wọ́n sì kéde rẹ̀ ní ìlú Stockholm pé òun nìkan ló gba ẹ̀bùn Nobel fún kẹ́mísìrì lọ́dún náà. Ọdún tó tẹ̀lé e ló fẹ̀yìn tì ní Stanford, ṣùgbọ́n kò fi yàrá ìwádìí sílẹ̀.

Ohun tó fi òkìkí náà ṣe ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Ní ilẹ̀ Soviet Union nígbà náà, ìjọba ń fìyà jẹ àwọn onímọ̀ tó bá sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Wọ́n mú Yuri Orlov, onímọ̀ físíìsì, àti Anatoly Shcharansky ní ọdún 1977, wọ́n sì rán àwọn méjèèjì lẹ́wọ̀n ní ọdún 1978. Ní oṣù kìíní, ọdún 1980, wọ́n lé Andrei Sakharov, àgbà onímọ̀ tó ti gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà, lọ sí ìlú Gorky tí àlejò òkèèrè kò lè dé. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Flory wà lára àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà tó kó ara wọn jọ ní orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn kò ní bá iléeṣẹ́ ìmọ̀ Soviet ṣe nǹkan pọ̀ níwọ̀n ìgbà tí ìyà náà bá ń lọ. Ó sọ̀rọ̀ lórí rédíò tó ń dé Ìlà-Oòrùn Yúróòpù kí àwọn tó wà nínú ìnilára lè mọ̀ pé ẹnìkan rántí wọn.

Ó tún ṣe ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Nígbà tí ojú ń dun Yelena Bonner, ìyàwó Sakharov, tó sì nílò láti jáde lọ gba ìtọ́jú nílẹ̀ òkèèrè, Flory fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ìjọba Soviet pé kí wọ́n fi òun ṣe ìdógò títí obìnrin náà yóò fi padà. Wọn kò dá a lóhùn. Ẹni tó ní ilé, ìyàwó, ọmọ àti orúkọ rere ló ṣe tán láti fi gbogbo rẹ̀ wéwu nítorí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ rẹ̀.

Oṣù kẹsàn-án, ọdún 1985 ni àìsàn ọkàn mú un lọ lójijì ní Big Sur, létí òkun California, níbi tó ti máa ń lọ sinmi. Ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin ni. Kò rí èso ìjà tó jà. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní oṣù kejì, ọdún 1986, wọ́n tú Shcharansky sílẹ̀. Ní ọdún kan náà ni Orlov gba òmìnira, nígbà tó sì di oṣù kejìlá, Sakharov padà sí Moscow.

Iṣẹ́ ìmọ̀ rẹ̀ náà kò dúró sí ibi tó fi í sí. Ní ọdún 1976, lójú rẹ̀, Isaac Sanchez àti Robert Lacombe dá pátákó dráàfù náà padà, ṣùgbọ́n wọ́n fi àwọn ojú kan sílẹ̀ lófìfo lórí rẹ̀, kí ó lè wú bí ooru bá dé, kí ó sì súnkì bí ìfúnpọ̀ bá dé. Ìṣirò tiwọn àti ti Flory wà lára èyí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ṣì ń lò lónìí láti mọ ohun tí ike yóò ṣe kí wọ́n tó dà á sínú ẹ̀rọ. Àbá ọdún 1942 náà kò kú. Wọ́n ṣì ń fi í bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, wọ́n sì ń sọ fún wọn níbẹ̀ náà ibi tí agbára rẹ̀ mọ, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó dá a ti kọ́kọ́ jẹ́wọ́ rẹ̀.